Michael Faraday: Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tó Fi Wáyà Bàbà Yí Ayé Padà



Ní tẹ́ẹ̀mù yìí, Àǹtí ní kí kálukú wa kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tó lókìkí, tó sì ti kú tipẹ́. Àwọn kan mú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, àwọn kan mú Mọremí. Èmi mú Michael Faraday. Òyìnbó ni, kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n Àǹtí ní kò burú, tí mo bá ṣáà ti lè sọ ìdí tí mo fi mú un. Ìdí náà ni mo máa kọ́kọ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí díẹ̀.

Irọ́ tí mo pa

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mò ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀, olùkọ́ wa ní kí a sọ iṣẹ́ tí àwọn òbí wa ń ṣe. Ọmọ kan ní dókítà ni mọ́mì òun. Òmíràn ní lọ́yà ni dádì òun. Nígbà tó kàn mí, mo ní ọ́fíìsì ni dádì mi ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò. Irọ́ ni. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni dádì mi. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe búrẹ́dì ni wọ́n wà, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa fa wáyà bàbà, kí wọ́n máa so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n sì máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Ìgbà mìíràn òru ni wọ́n ń lọ. Tí wọ́n bá dé láàárọ̀, ọwọ́ wọn á dọ̀tí, aṣọ wọn á máa rùn bí ọ̀rá ẹ̀rọ. Mo rò pé àwọn ọmọ kíláàsì mi máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ tí àwọn òbí ń wá rí olùkọ́, olùkọ́ mi bi dádì mi pé báwo ni iṣẹ́ ọ́fíìsì. Dádì mi wò mí. Lẹ́yìn náà wọ́n dá olùkọ́ lóhùn pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, a dúpẹ́. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n sọ. Nínú bọ́ọ̀sì, wọn ò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ì bá sàn kí wọ́n jágbe mọ́ mi.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé Elephant and Castle, wọ́n tẹ aago, wọ́n ní ká sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ kọ́ là ń gbé. Wọ́n mú mi lọ wo àpótí ńlá onírin kan tó ń dán bíi fàdákà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, mo sì rò pé ibi tí wọ́n ń kó pàǹtírí sí ni. Dádì mi ní rárá, ohun ìrántí ni, wọ́n kọ́ ọ ní 1961 fún ọkùnrin kan tí wọ́n bí nítòsí ibẹ̀. Wọ́n ní inú àpótí náà ni ẹ̀rọ ńlá wà tó ń fún ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní iná. Wọ́n ní ọmọ alágbẹ̀dẹ ni ọkùnrin yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́, àti pé tí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ àwọn kì bá tí sí, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pàápàá kì bá tí sí. Wọ́n ní kí n lọ wá ìtàn rẹ̀ kà. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa irọ́ mi nìyẹn.

Mo lọ kà á. Ohun tí mo rí nìyí.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹ́sàn-án ọdún 1791 ni wọ́n bí Michael Faraday ní Newington, ní ìhà gúúsù odò Thames. Lónìí, inú Lọ́ńdọ̀nù ni ibẹ̀ wà. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni James, alágbẹ̀dẹ ni. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Margaret. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, Michael sì ni ìkẹta. Láti apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá wá iṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó jọ ìtàn àwọn òbí wa díẹ̀, àbí?

Ara bàbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò lè ṣiṣẹ́ rárá, alágbẹ̀dẹ tí kò bá sì lè gbé òòlù, owó ò lè wọlé. Ní 1801, nǹkan wọ́n gan-an ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Búrẹ́dì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún Michael láti jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Búrẹ́dì kan, ọjọ́ méje! Èmi àti àbúrò mi lè jẹ odindi búrẹ́dì tán láàárín ọjọ́ kan, ká tún máa béèrè òmíràn.

Ìwé tí Michael kà ní ilé-ẹ̀kọ́ kò pọ̀. Ó mọ̀wé kà, ó mọ̀ ọ́n kọ, ó sì mọ ìṣirò díẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, kò lè pe lẹ́tà r dáadáa, bẹ́ẹ̀ r wà nínú orúkọ bàbá tirẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ rántí bí gb ṣe fìyà jẹ wá kí a tó lè pè é? Ẹ má bínú o, ó ṣì ń fìyà jẹ àwọn kan nínú wa.

Ọmọ iṣẹ́ tó ń ka ìwé tó ń dì

Ní 1804, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ George Riebau, ọkùnrin kan tó ń ta ìwé tó sì ń di ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa gbé ìwé ìròyìn lọ sí ilé àwọn oníbàárà. Ó ṣe é dáadáa débi pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Riebau gbà á sí ọmọ iṣẹ́, kò sì gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ọdún méje ló fi kọ́ṣẹ́ ìwé dídì.

Dádì mi náà kọ́ṣẹ́, ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó wá síbí. Wọ́n ní ní ọdún àkọ́kọ́, gbígbá ṣọ́ọ̀bù àti ríra oúnjẹ fún ọ̀gá ni iṣẹ́ àwọn. Ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan wáyà. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ṣe fírídọ̀mù, àwọn àgbà gbàdúrà fún wọn, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn wà ní pálọ̀ wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń rí i, n kò sì béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí mo ń kọ ìtàn yìí.

Ọmọ iṣẹ́ mìíràn kàn lè máa di ìwé. Faraday ń dì í, ó sì ń kà á. Nínú ìwé ìmọ̀ ńlá kan tí wọ́n gbé wá síbẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ nípa iná mànàmáná. Ó tún ka ìwé kan tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Jane Marcet kọ nípa kẹ́mísìrì. Kò kàn gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi owó kékeré tó ní ra ìgò àti irin wẹ́wẹ́, ó ń dán ohun tó kà wò fúnra rẹ̀.

Ní 1810, bàbá rẹ̀ kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Robert, tí òun náà jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ló ń fún un ní ṣílè kan kó lè lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa sáyẹ́ǹsì ní alẹ́. Mo fẹ́ràn Robert yìí gan-an. Kò sí ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ sára owó, ṣùgbọ́n owó òòlù rẹ̀ ló ran àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Bó ṣe dé Royal Institution

Ní 1812, oníbàárà kan tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù fún Faraday ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ Humphry Davy ní Royal Institution. Davy ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lókìkí jù ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Faraday lọ. Gbogbo ohun tó gbọ́ ló kọ sílẹ̀, ó ya àwòrán sí i, ó wá di gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ìwé gidi. Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ ọwọ́ tó kọ́ ló lò. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Davy, ó ní kó jọ̀ọ́ kó fún òun níṣẹ́.

Davy ní kò sí àyè. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi lé ọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ, torí pé ó jà. Davy wá rántí ọmọ tó di ìwé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1813, Faraday wọṣẹ́ ní Royal Institution. Ó ń fọ ìgò, ó ń gbé irinṣẹ́, ó ń ran Davy lọ́wọ́. Yàrá méjì lókè ilé náà ni wọ́n fún un láti máa gbé.

Ní ọdún yẹn kan náà, Davy àti ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sí Faransé àti Ítálì. Ìyàwó Davy ń ṣe é bí ọmọ ọ̀dọ̀. Kò jẹ́ kó bá wọn jókòó jẹun. Ó dun Faraday débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sílé. Ṣùgbọ́n ó fara dà á, torí pé ó ń rí àwọn onímọ̀ tó ti ń ka orúkọ wọn nínú ìwé. Ó rí Ampère ní Paris. Ó rí Volta, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe bátìrì, ní Milan. Nígbà tó padà dé ní 1815, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gan-an.

Nǹkan mẹ́ta tó wà ní ilé iṣẹ́ dádì mi

Mo bi dádì mi pé kí ni Faraday ṣe gan-an tó kan iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní nǹkan mẹ́ta ni. Wọ́n ní tí wọ́n bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò ní ilé iṣẹ́ àwọn, ògiri àti ìyẹ̀fun ló máa kù.

Èkíní ni mọ́tọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ni mò ń wí o! Ẹ̀rọ tó máa ń yí tí iná bá wọ inú rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè bẹ́ẹ̀. Òun ló ń po ìyẹ̀fun, òun náà ló ń fa bẹ́líìtì tí búrẹ́dì ń gun kọjá. Ní 1820, onímọ̀ kan ní Denmark tó ń jẹ́ Ørsted rí i pé tí iná bá ń kọjá nínú wáyà, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á yà. Gbogbo èèyàn ń ronú nípa rẹ̀. Ní oṣù Kẹ́sàn-án ọdún 1821, Faraday da mẹ́kúrì sínú ife, ó gbé òòfà sí àárín rẹ̀, ó fi wáyà kan rọ̀ sókè kí ẹnu rẹ̀ kan mẹ́kúrì náà. Nígbà tó so ó mọ́ bátìrì, wáyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí òòfà ká, ó ń yí, ó ń yí, kò dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èèyàn fi iná mànàmáná mú nǹkan yí láìdúró. (Ẹ má dán an wò nílé o. Májèlé ni mẹ́kúrì.)

Ṣùgbọ́n ayọ̀ yẹn ní ìbànújẹ́ nínú. Àwọn kan ní èrò onímọ̀ mìíràn ló jí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á sí Royal Society ní 1824, Davy tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n gbà á. Wọ́n gbà á ṣáá. Síbẹ̀ Faraday kò gbàgbé oore tí Davy ṣe é.

Èkejì ni tiransifọ́mà. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1831 ni. Faraday mú òrùka irin kan tó fẹ̀ tó ínǹṣì 6. Ó wé wáyà bàbà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó wé wáyà bàbà mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà náà, kò sí wáyà tí rọ́bà bò bí èyí tí a ń rà lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi okùn sáàárín wáyà kan sí èkejì, ó sì fi aṣọ sáàárín ìpele kan sí èkejì, kí bàbà má baà kan bàbà, kó má sì kan irin. Ẹ rò ó wò bí iṣẹ́ yẹn ṣe máa pẹ́ tó! Mo gbìyànjú láti wé wáyà mọ́ bébà tí wọ́n ká róbótó. Kí n tó wé e dé ogún, ó ti sú mi.

Ó so wáyà èkíní mọ́ bátìrì. Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kejì fò, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Ó yọ bátìrì kúrò. Abẹ́rẹ́ tún fò. Wáyà méjèèjì kò kan ara wọn rárá, síbẹ̀ iná ti dé inú èkejì! Ṣùgbọ́n tí iná bá kàn ń lọ jẹ́jẹ́ láìyí padà, abẹ́rẹ́ ò ní mira. Ohun tí Faraday rí nìyẹn: ìyípadà ni ó ń gbé iná láti wáyà kan sí èkejì.

Ní ilé iṣẹ́ dádì mi, iná tó ń ti òde wọlé lágbára tó 11,000 fóòtì. Tiransifọ́mà máa ń sọ ọ́ di 400 kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Tilé wa jẹ́ 230. Iná yìí kì í lọ jẹ́jẹ́, ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí tiransifọ́mà fi lè ṣiṣẹ́. Wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀, irin ló wà láàárín, gẹ́gẹ́ bí òrùka Faraday. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ báyìí ló wà nínú àpótí Elephant and Castle náà.

Ẹ̀kẹta ni jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1831 kan náà, Faraday ti òòfà bọ inú wáyà tó wé róbótó, iná sì dé. Ó fà á jáde, iná tún dé. Lẹ́yìn náà ó mú àwo bàbà pẹlẹbẹ kan, ó gbé e sáàárín òòfà ńlá kan, ó ń fi ọwọ́ yí i. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń yí i, iná ń jáde. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Èèyàn ló ń yí nǹkan, iná ló ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ kí ìyá àgbà nílé rí, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ilé nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ọmọ àwo bàbà yẹn ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ bàbà?

Mo bi dádì mi ní ìbéèrè yìí. Wọ́n ní iná máa ń kọjá nínú bàbà wọ́ọ́rọ́wọ́. Fàdákà nìkan ló jù ú lọ díẹ̀, ta ló sì máa fi fàdákà ṣe wáyà fákítọ̀rì? Bàbà tún rọ̀, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kọrọ̀ láìjẹ́ pé ó kán.

Wọ́n gé wáyà tí wọ́n fẹ́ dà nù, wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n mú un wálé fún mi. Ó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Ní inú lọ́hùn-ún, bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀ bí okùn. Rọ́bà aláwọ̀ bò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: búráùn, dúdú àti àwọ̀ eérú ni mẹ́ta tó ń gbé iná fún mọ́tọ̀ ńlá. Èyí tó ní àwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni wọ́n ń so mọ́lẹ̀, kí iná má baà mú èèyàn tí nǹkan bá bàjẹ́. Irin wẹ́wẹ́ tún yí gbogbo wọn ká bí ẹ̀wù ogun, rọ́bà dúdú sì wà lóde pátápátá. Dádì mi ní tí wáyà bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un lọ, ńṣe ló máa gbóná títí á fi jó. Torí náà wọ́n ní láti ṣe ìṣirò kí wọ́n tó yan èyí tí wọ́n máa fà. Mo rò pé agbára nìkan ni wọ́n ń lò. N kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe ìṣirò.

Nígbà yẹn ni mo béèrè nípa àpá tó wà lọ́wọ́ òsì wọn. Mo ti máa ń rò pé epo gbígbóná ló jó wọn. Wọ́n ní rárá. Ní ibi iṣẹ́ kan tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó bí mi, ẹnì kan tan iná padà nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì wà nínú àpótí wáyà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá fẹ́ tún nǹkan ṣe, wọ́n á pa iná, wọ́n á fi àgádágodo tiwọn tì í pa, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ sápò, wọ́n á sì tún dán an wò pé kò sí iná mọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí mọ́mì mi kì í fi sùn dáadáa ní alẹ́ tí dádì mi bá lọ síṣẹ́.

Bí Faraday ṣe lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù

Faraday fẹ́ Sarah Barnard ní 1821. Wọn kò bímọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọdé gan-an. Ní 1825, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọmọdé ní Royal Institution. Ọdún 19 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ṣe é. Èyí tó lókìkí jù ni ti ìtàn àbẹ́là. Wọ́n ṣì ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn títí dòní, tẹlifíṣọ̀n sì máa ń gbé e.

Kò mọ ìṣirò ńlá, torí pé kò pẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwòrán ló máa ń yà sínú orí rẹ̀. Nígbà tó yá, James Clerk Maxwell ló sọ èrò rẹ̀ di ìṣirò.

Ìjọba náà lo ọgbọ́n rẹ̀. Ní 1844, nígbà tí ibi ìwakùsà èédú kan bú gbàù ní Haswell, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì kú, Faraday wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ wádìí rẹ̀. Ní 1854, ó ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń falẹ̀ nínú wáyà bàbà gígùn tí wọ́n rì sínú omi tàbí sínú ilẹ̀. Ní 1858, wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ tan iná ilé tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ní South Foreland, Faraday sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwo bàbà kékeré tó fi ọwọ́ yí ti wá di ohun tó ń gba ẹ̀mí àwọn atukọ̀ là.

Wọ́n fẹ́ fi í jẹ oyè Sir, ó ní òun ò jẹ. Wọ́n fẹ́ fi í ṣe ààrẹ Royal Society, ó kọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Michael Faraday lásán. Ní 1858, Ọbabìnrin Victoria fún un ní ilé ní Hampton Court. Ìrántí rẹ̀ ti ń dínkù nígbà náà. Ibẹ̀ ló kú sí lórí àga rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1867, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 75. Ibi ìsìnkú Highgate ni wọ́n sin ín sí. Ọdún 15 lẹ́yìn náà, ní 1882, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ iná sí Holborn Viaduct ní Lọ́ńdọ̀nù. Faraday kò rí i. Kò rí fákítọ̀rì tó ń lo iná ní òru. Ní 1991, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára owó £20.

Ohun tí mo ṣe

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo lọ bá olùkọ́ mi kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa. Ọkàn mi ń lù kìkì. Ó ní ó dára bí mo ṣe sọ òótọ́, ó sì ní kí n wá sọ ti gidi fún gbogbo kíláàsì. Mo mú ègé wáyà náà lọ. Àwọn ọmọ ń dù ú, wọ́n ń ka bàbà inú rẹ̀. Ọmọ tó ní lọ́yà ni dádì òun bi mí bóyá lóòótọ́ ni dádì mi lè dá iná fákítọ̀rì dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Dádì mi ló kọ́kọ́ ka ìtàn yìí kí n tó fún Àǹtí. Mo ti kọ ọ́ síbì kan pé wọ́n fi bàbá ṣe wáyà, mo sì kọ bàbà síbi tí mo fẹ́ kọ bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní àmì kékeré ni, ṣùgbọ́n ó lè sọ èèyàn di irin. Mo tún un ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n ka apá tí irọ́ mi wà. Mo bi wọ́n bóyá kí n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí ẹ bá jẹ búrẹ́dì lọ́la, ẹ rántí ọmọ tó ń jẹ ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ sì bi dádì yín tàbí mọ́mì yín bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kí fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀ yín náà.